Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Ní Kí Moṣọpẹ́ Má Gún Mọ́

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìtàn yìí jù sílẹ̀ láìkà á tán.

1. Aránṣọ ni Moṣọpẹ́ ní Ìyànà Ìbà. Àkànbí ọkọ rẹ̀ ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Alábà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Moṣọpẹ́ lóyún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni oyún náà bàjẹ́. Àwọn ará àdúgbò ní àbíkú ni, Ìyá Àkànbí ní ayé ni. Ìyá yìí ni olórí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ aláṣọ funfun kan ní Okokomáíkò. Ó ń gbẹ̀bí fún gbogbo ayé, kò rí ọmọ ọmọ tirẹ̀ gbé. Ó dùn ún gan-an.

2. Nígbà tí oyún kẹrin dúró, dókítà kan ní Ọ̀jọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ Moṣọpẹ́ wò. Àṣírí tú. Ohun tó yẹ kó máa bá àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjú ìjà sí ara Moṣọpẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dì sínú ibi ọmọ, oúnjẹ kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò máa gún sí ikùn ara rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ó kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ dá a dúró láìgba àṣẹ.

Oyún náà kọjá ibi tí àwọn yòókù ti bàjẹ́. Ọmọ ń tàpá. Àràárọ̀ ni Àkànbí ń fi etí lé ikùn kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

3. Ìyá Àkànbí wá ní àfi kí ìyàwó òun wá máa gbé ní ilé ìgbẹ̀bí títí yóò fi bí. Òfin ibẹ̀ sì ni pé oògùn ò gbọdọ̀ wọlé, omi àdúrà nìkan ni. Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa lọ gún un níta géètì. Ọmọ yìí ni mo ń bẹ̀ yín fún."

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú àwọn tí mo ń gbẹ̀bí fún ni?"

Àkànbí wo ilẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun gbọ́ ti màmá. Ẹnu tó fi ń bá àwọn oníbàárà dúnàádúrà ní Alábà, kò rí i lò lọ́jọ́ náà.

4. Moṣọpẹ́ kó lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, kò sì gún abẹ́rẹ́ náà mọ́. Kò pẹ́, ọmọ ò tàpá mọ́. Moṣọpẹ́ ń fọwọ́ gbá ikùn, ó ń bẹ ọmọ pé kó dákun dáhùn. Ìyá ní kó mu omi àdúrà sí i. Nígbà tí wọ́n máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ ti kú sínú. Ẹsẹ̀ Moṣọpẹ́ náà ti wú, ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó bá ọmọ lọ.

Ọmọbìnrin ni. Wọ́n gbé e fún Ìyá Àkànbí. Obìnrin tó ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ ké bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. "Sunkún, ọmọ mi," ó ń wí. "Sunkún." Kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí oyún bá ń bàjẹ́ léraléra, ẹ má pè é ní àbíkú, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ojú ayé dá oògùn dókítà dúró. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.