Báàlù Mẹ́rin, Bọ́ǹbù Méje

Ta ló kọ́kọ́ ké lọ́jọ́ náà, Fáòsíátù ni àbí ọmọ rẹ̀? Títí dòní, kò lè sọ.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà ló ní kí kálukú kọ ìtàn àgbàlagbà kan ládùúgbò. Fáòsíátù mú Bàbá Akínlabí, káfíńtà àtijọ́ tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà n'Ílá. Bàbá Báàlù ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ọ̀rọ̀ àwọn báàlù ogun abẹ́lé nìkan ló máa ń sọ. Wọ́n ní ó wa ọ̀kan nínú wọn.

"Mẹ́rin ni wọ́n," Bàbá wí. Ó gbé Àsíìsì, ọmọ Fáòsíátù, sórí itan. "Ìhà oòrùn ni wọ́n máa ń gbà wọlé, kí ojú má lè wò wọ́n. Ọjọ́ ọjà ni. Bọ́ǹbù méje ni wọ́n jù. Obìnrin kan ń wọn gàrí. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù nínú abọ́."

"Ẹ wà ńbẹ̀, Bàbá?"

"Mo wà ńbẹ̀."

Kò bi í mọ́. Àgbàlagbà ni.

Ìbráhímù, ọkọ Fáòsíátù, ka ìtàn tó kọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Àsíìsì, ẹni tó fọ́ odindi ọjà lo ń gbé ọmọ fún yẹn?"

Láti ọjọ́ náà, Fáòsíátù ò gbé ọmọ fún Bàbá mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, báàlù kan fò wálẹ̀ gan-an, ó ń wá àwọn ajínigbé nínú igbó. Páànù ń gbọ̀n. Bàbá já síta, ó gbá Àsíìsì mú lórí ẹní, ó fò sínú gọ́tà gbígbẹ, ó sì dùbúlẹ̀ lé e lórí.

"Ení," ó ń kà. "Èjì. Ẹ̀ta."

Fáòsíátù gbé ọmọ odó. "Ó fẹ́ pa ọmọ mi o!" Ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn orí. Ó tún là á. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn sínú gọ́tà. Àwọn ọkùnrin sáré dé, wọ́n ń ta á nípàá títí egungun ìhà rẹ̀ fi kán. Apá rẹ̀ kò tú. Ó kà dé èje kó tó fi ọmọ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá kú. Gbogbo àdúgbò jẹ́rìí fún ọlọ́pàá pé ọmọ rẹ̀ ni Fáòsíátù ń gbà sílẹ̀. Olùkọ́ fún ìtàn náà ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Bọ́láwùmí, àbúrò Bàbá, wá láti Iresi wá kó àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún Fáòsíátù pé Bàbá ò wọ báàlù rí láyé rẹ̀: inú ọjà yẹn gan-an, lápá ìlà-oòrùn, ló ti ń ṣe káfíńtà, nígbà tí bọ́ǹbù keje sì fi máa balẹ̀, ó ti sá bọ́ sínú gọ́tà, òun nìkan, ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní.