Ẹ̀rọ Géèmù Tí Olùkọ́ Kò Fẹ́

Ìdí mẹ́ta ni olùkọ́ náà tẹ̀ sórí fóònù láti ta ko ẹ̀rọ géèmù tuntun tí wọ́n kéde láàárọ̀: ó wọ́n jù, kò yàtọ̀ sí ti àtijọ́, kò sì yẹ àgbàlagbà.

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ ìpè oúnjẹ bí ẹ bá ti jókòó ti géèmù?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Wọn ì báà fi ta mí lọ́rẹ, Ìyá Ìbejì, màá dá a padà."

Ó dun ìyàwó pé ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tó fi pamọ́ fún un já sófo. Ó wọ yàrá, ó pe ilé ìtajà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ́gi lé ẹ̀rọ géèmù tí ẹ fẹ́ gbé wá sílé wa."

"Èwo nínú méjèèjì, Mà? Tiyín, àbí èyí tí ọkọ yín ti sanwó rẹ̀ ṣáájú yín?"

Ní pálọ̀, olùkọ́ ń tẹ ìdí kẹrin.