Irin Tí Wọ́n Ti Hú Tà

Látúndé kò rí òmùgọ̀ bí ará Aáyán rí. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti hú irin rélùwéè ìlú wọn tà, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í kọjá ojú ọ̀nà tí irin náà gbà tẹ́lẹ̀ láì kọ́kọ́ fi etí kan ilẹ̀, bí àwọn baba wọn ṣe ń fi etí kan irin láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.

Látúndé fẹ́ sọ ibùdókọ̀ rélùwéè wọn tó ti dahoro di ilé adìyẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó wá wọn ilẹ̀, Bàbá Ògúndépò, tó máa ń fi fìtílà sọ fún ọkọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́ bóyá kó dúró tàbí kó kọjá, dì í lápá mú.

"Tẹ́tí kí o tó kọjá, ọmọ mi."

"Bàbá, irin dà? Ẹ̀yin àgbà yìí ló ń dójú ti ìlú."

"Nígbà tí kòkó wà, ọkọ̀ mẹ́ta ló ń gba ibí lójúmọ́. Ó ku ọ̀kan."

Látúndé tutọ́ sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sójú ọ̀nà, ó fi etí kan erùpẹ̀, kó lè fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í ṣe erùpẹ̀ mọ́. Irin tútù ni.

Ó gbójú sókè. Bàbá ti kúrò lójú ọ̀nà, ó ti gbé fìtílà aláwọ̀ ewé sókè, kò tilẹ̀ wo ibi tí Látúndé wà.

"Bàbá, ẹ dá a dúró!"

"Èyí kì í dúró níbí," ni bàbá wí.