Jíìpù Neville àti Ilé Onítáyà Tó Jù Ú Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ fa ohun tó wúwo, ẹ dákun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ pa fóònù tì. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tẹ́ ẹ mọ̀ tí kì í gbọ́ràn.

1.

Ní ìlú Warwick níbí, Neville Tranter àti Trevor àbúrò rẹ̀ kò fẹ́ràn ara wọn láti kékeré. Bí ọ̀kan bá ra bàtà, èkejì á ra èyí tó dára jù ú. Nígbà tí Trevor ra káráfáànì, ìyẹn ilé onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, Neville ta ṣọ́ọ̀bù àga rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó sì ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Yàrá, ilé ìwẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pààrọ̀ ọkọ̀ tó máa fà á. Jíìpù kékeré tó fi ń gbé Glenys ìyàwó rẹ̀ lọ ra nǹkan ọbẹ̀ náà ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé Neville. Trevor yí káráfáànì náà po, bíà lọ́wọ́, ó wo bí ẹ̀yìn jíìpù ṣe rì tí imú rẹ̀ sì wo òkè, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé jíìpù yín fẹ́ yàgbẹ́ ni? Ẹ wo bó ṣe lóṣòó!”

Gbogbo ará ilé rẹ́rìn-ín. Ojú Neville pọ́n.

“Ìwé ọkọ̀ sọ pé ó lè fà á.”

“Ó lè fà á lófìfo! Ẹ ò tíì rọ omi sí i, ẹ ò tíì kó ẹrù sí i. Ẹ̀yin àti ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ni? Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ tó lọ.”

“Ìlara ló ń pa ẹ́.”

“Ta ló ń jowú òkú?”

Neville da àwo sọ́sééjì sí koríko. “Jáde nílé mi!”

Trevor jáde, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: òótọ́ ló sọ, àmọ́ ó sọ ọ́ bí ẹni ń tutọ́ síni lójú.

2.

Glenys bẹ ọkọ rẹ̀. “Bàbá Leanne, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ wọ̀n. Kí ló máa gbà lọ́wọ́ wa?”

“O ti wá wà lẹ́yìn Trevor báyìí?”

Láti ọjọ́ náà ni Neville ti ń ṣe gbogbo nǹkan pẹ̀lú ìbínú. Ó rọ omi kún táńkì méjèèjì dé ẹnu. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ àti kẹ̀kẹ́ méjì sí ìrù káráfáànì, lẹ́yìn pátápátá. Bí Glenys bá kó àwọn ìkòkò irin jáde, Neville á kó wọn padà. Ó wá ra irin kan tó ń gbé ẹ̀yìn jíìpù sókè kó má baà lóṣòó mọ́. Jíìpù dúró tọ́ lóòótọ́. Ojú ló tàn jẹ o! Ìwúwo náà ò lọ síbì kankan.

3.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbéra ìrìn àjò, wọ́n kọjá ìlú Roma lọ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀.

“Ẹ rọra sáré, mo bẹ̀ yín.”

“Pa ẹnu ẹ mọ́, Glenys.”

Tírélà gígùn kan ń bọ̀ níwájú. Bó ṣe kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tì wọ́n, ó tún fà wọ́n. Ìrù káráfáànì jù sọ́tùn-ún, ó jù sósì, ó tún jù ju ti ìṣáájú lọ. Jíìpù ò lè dì í mú mọ́. Káráfáànì ló ń darí jíìpù.

Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitiárì tó ń mú bíréèkì káráfáànì nìkan, kó lè fà á tọ́. Trevor ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Glenys. Obìnrin náà na ọwọ́, ìka rẹ̀ kàn án.

“Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?” Neville gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó sì fi gbogbo ara tẹ bíréèkì ọkọ̀.

Káráfáànì yí, ó dojú dé, ó sì gbé jíìpù dání lọ sínú kòtò.

4.

Neville jáde, ara rẹ̀ kàn bó díẹ̀. Ìbàdí Glenys fọ́. Dókítà ní kò ní rìn láìfi ọ̀pá tì mọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò wọn ohun tó ṣẹ́ kù, wọ́n rí i pé ẹrù náà ju agbára jíìpù lọ, wọ́n kọ̀ láti sanwó.

Trevor wá sí ọsíbítù. Neville dìde.

“Àbúrò mi, o ṣeun tó o wá.”

“Ìwọ kọ́ ni mo wá wò.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Trevor, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní “ìwọ” rí. Ó gbé báàgì Glenys, ó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn rẹ̀ lọ.

“Ìyá Leanne, níbo lò ń lọ?”

“Ọ̀dọ̀ Leanne.”

“Ìgbà wo lo máa padà?”

Glenys ní kí Trevor dúró díẹ̀. Kò sunkún, kò pariwo.

“Ọwọ́ mi ti kàn án, Neville. Ọwọ́ mi ti kàn án, o gbá a dànù.”

Wọ́n lọ. Glenys kò padà títí dòní.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o! Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fa káráfáànì, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú omi, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú ẹ̀yin fúnra yín nínú ọkọ̀. Ẹ má kó ohun wúwo sí ìrù rẹ̀. Bó bá ju agbára ọkọ̀ yín, ẹ wá ọkọ̀ tó lè fà á tàbí kẹ́ ẹ mú káráfáànì tó kéré. Bí ẹni tẹ́ ẹ kórìíra bá sì sọ òótọ́ fún yín, ẹ bú u tó bá wù yín, àmọ́ ẹ ṣe ohun tó sọ.