Wáyà Dáyírẹ́ẹ̀tì Tí Bàbá Aqeelah Ní Kí Wọ́n Fà

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á parí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ.

1.
Mùbàṣírù ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun àti Raheemah, ìyàwó rẹ̀, bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Aqeelah. Ọmọ náà ní ikọ́-fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Bí eruku bá ti kan imú rẹ̀, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìdí nìyí tí Mùbàṣírù fi ra ọkọ̀ tí AC rẹ̀ tutù dáadáa, kí wọ́n lè máa ti gíláàsì pa bí wọ́n bá ń lọ kí màmá Mùbàṣírù ní Mákùn-Omi. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: AC yẹn kì í ṣe fáàrí. Èémí ọmọ ni.

2.
Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ náà fi imú kọ ìtì igi ní ìsọ̀ pákó. Wọ́n tún bọ́ńpà iwájú ṣe, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni AC kò ti tutù mọ́, ojú dáṣíbọọ̀dù sì ń sọ pé ìta tutù dé máínọ́sì ogójì. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan! Mùbàṣírù rẹ́rìn-ín, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Ẹ wá bá mi ní London!"

Fuad, àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, kò rẹ́rìn-ín. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ mọ́ ọn, ó ń ka èsì rẹ̀ lórí fóònù.

"Bọ̀dá mi, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru ìta ló bàjẹ́."

"Fóònù tí o fi ń wo bọ́ọ̀lù ló ti wá di dókítà ọkọ̀?"

 Fuad dùbúlẹ̀ sábẹ́ imú ọkọ̀, ó yọ wáyà tó wọ ẹnu sẹ́ńsọ̀ náà, ó fi irin tín-ín-rín kan so ojú wáyà méjèèjì pọ̀. Lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà orí dáṣíbọọ̀dù fò sókè.

"Ẹ rí i? Wáyà kò já. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ló kú. Ọkọ̀ rò pé yìnyín ń bọ́ níta, kò sì ní jẹ́ kí AC ṣiṣẹ́ nínú òtútù. Sẹ́ńsọ̀ náà há sẹ́yìn bọ́ńpà, a máa ní láti yọ bọ́ńpà ká tó fi tuntun sí i. A máa rí i rà ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Yọ bọ́ńpà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Lọ́la ni mò ń lọ sí Mákùn-Omi. Ṣé kí n sọ gíláàsì kalẹ̀ wọ ìlú bí ẹni tó gbé ẹja bọ̀ látodò?"

Raheemah dá sí i. "Bàbá Aqeelah, ẹ jẹ́ ká dúró de Mọ́ńdè. Nítorí ọmọ."

"Nítorí ọmọ náà ni mo ṣe fẹ́ kó tutù lónìí. Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

3.
Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń sọ fún mẹkáníìkì bí a bá ń kánjú: "Ṣe é ní dáyírẹ́ẹ̀tì." Ohun tí Mùbàṣírù sọ fún Kingsley tó ń ṣe AC ọkọ̀ ní Mamu nìyẹn. Kó fa wáyà tààrà láti ara bátìrì lọ sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú kí AC tutù, kí ohunkóhun nínú ọkọ̀ má lè dá a dúró mọ́.

Kingsley họrí. "Àlájì, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi o. Bó bá gbóná jù, kò sí ohun tó máa pa á."

"Èmi ni mo ni ọkọ̀ àbí ìwọ?"

Kingsley fà á. Atẹ́gùn tútù tú jáde, Aqeelah pàtẹ́wọ́. Mùbàṣírù pe Fuad lórí fóònù: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ti tutù! Padà sídìí ìwé ẹ!"

4.
Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ìlú J4, wọ́n wọ ọ̀nà inú igbó tó lọ sí ìhà Ogun Waterside. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò tíì sinmi láti ilé. Lójijì, nǹkan han gooro lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn rọ́bà jíjó gba inú ọkọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti gan, ó sì ti já bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí ẹ̀rọ tó ń pín omi sínú ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́, èéfín funfun bo iwájú, ọkọ̀ kú.

Inú ọkọ̀ gbóná bí ààrò, wọ́n ní láti ṣílẹ̀kùn. Ọkọ̀ agbégi kan ré kọjá, eruku bo gbogbo wọn.

"Mọ́mì, àyà mi."

Raheemah fín oògùn sí i lẹ́nu. Ó tún fín in. Àyà ọmọ ń súfèé, kòtò ọrùn rẹ̀ ń wọlé. Mùbàṣírù gbé fóònù sókè, kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ó sáré sójú títì, ó na ọwọ́ sí ọkọ̀, ọkọ̀ kọjá. Òmíràn tún kọjá, eruku tún dé.

"Bàbá Aqeelah, ẹ ṣe nǹkan kan! Ẹ ṣe nǹkan kan!"

Kí ló kù tó lè ṣe?

Ọlọ́kadà kan ló dúró níkẹyìn. Àyè ìyá àti ọmọ nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mùbàṣírù dúró ti ọkọ̀ tó kú, ó ń wò wọ́n lọ títí kò fi rí wọn mọ́.

Nígbà tí òun náà fi dé ilé ìwòsàn tí ọlọ́kadà gbé wọn lọ, ó bá Raheemah tó jókòó sílẹ̀ ní ìta, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, tó ń fi etí ìbòrí rẹ̀ nu eruku kúrò lójú ọmọ.

"Ẹ má pariwo," ló sọ. "Ó ti sùn."

Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kàn mi orí.

Aqeelah kò sùn, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo bẹ gbogbo òbí tó ń ka èyí: bí ohun kan nínú ọkọ̀ yín bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ wádìí ìdí tó fi kọ̀. Ẹ má fagídí mú un. Bí ọmọdé ló rí òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bó bá gba pé kí ìrìn àjò yẹ̀, ẹ jẹ́ kó yẹ̀. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.