Ẹnu Ìyá Ìkókó

Àlọ́ mi já ṣọ̀bọ́lọ́ sómi, ó bá àwọn ẹja epìyà nínú àpótí dígí.

Ẹni tó ń sìn wọ́n ti da iyanrìn sísàlẹ̀, ó to òkúta lé e kí ẹja kọ̀ọ̀kan lè ní ihò. Àmọ́ Akọ Epìyà ló kọ́kọ́ wọmi, ló bá gba gbogbo ihò.

Ìyá Ìkókó nílò ihò kan. Inú ẹnu ni abo epìyà ti ń pọn ọmọ, ẹnu tirẹ̀ sì kún fọ́fọ́. Bó bá là á ní gbangba, wọ́n á jẹ àwọn ọmọ náà.

Akọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló fi pèpàdé.

"Ẹni tí mo bá rẹ́ jẹ, kó sọ ọ́! Ìyá Ìkókó, o ò rí nǹkan wí?"

Ìyá mirí, kò lanu.

"Ó ti gbà nìyẹn!"

Ló bá dárin, àwọn tó ń jẹ àjẹkù rẹ̀ sì ń gbè é:

Ta ló nihò?
*Baba ló nihò!*
Ta ló lẹ́jọ́?
*Kò sẹ́ja kankan!*

Ìyá ò lè fara dà á mọ́. "Irọ́ ni!" Bó ṣe lanu, àwọn ọmọ tú síta, Akọ sì gbé wọn mì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," làwọn ẹlẹ́gbè wí. "Kí ló dé tẹ́ ò tètè sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ ló kún ẹnu tèmi. Kí ló kún ẹnu tiyín?"

Orin Akọ ṣì wà lẹ́nu wọn.