Búlọ́ọ̀kù Tí Ẹ̀mí Mú

Láolú ń to ẹ́ńjìnì tuntun fún jíìpù tó fẹ́ máa fi sáré lórí iyanrìn.

Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì méjì ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ṣẹ̀yẹ tó ń ta ẹ́ńjìnì àlòkù ní Doornfontein: onírin àti alumíníọ̀mù.

"Ọ̀gá, onírin ló lè gbé agbára tọ́ọ̀bò," Ṣẹ̀yẹ ní.

"Jẹ́ kí Wòlíì kọ́kọ́ gbàdúrà sí i," Láolú ní.

Wòlíì Ògúnjìmí wọ takisí wá láti Bruma. Ó ní jíìpù òun ò sí nílé.

Ó gbé ọwọ́ lé méjèèjì, ó dijú.

"Onírin ni Ẹ̀mí mú. Ibi tó mọ́ ló ti wá."

Láolú yí búlọ́ọ̀kù náà padà. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun ya àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Wòlíì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi yà á, lọ́jọ́ tó gbàdúrà sí jíìpù ẹ̀ pé kò sólè tó máa lè gbé e.